Oníbàtà Tó Kọ Orúkọ Opó Sínú Fọ́ọ̀mù Owó Orí

Bàtà ọkùnrin mẹ́rìnlélógún ló tò sí ẹnu ọ̀nà obìnrin tó ní òun ò lọ́kọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìka ọwọ́ mi tán, mo fi ti ẹsẹ̀ kún un. Bàtà dúdú, bàtà pupa rúsúrúsú, ọ̀kan gùn débi pé èèyàn mẹ́fà lè wọ̀ ọ́ kọjá odò, ọ̀kan sì kéré débi pé bí èkúté bá wọ̀ ọ́, yóò fún un lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń fìyà jẹ.

"Màmá," mo ní, "ẹjọ́ ti parí. Obìnrin yìí ò lọ́kọ kan. Méjìlá ló ní!"

Màmá Fínnífínní ti sún mọ́ bàtà náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ inú bàtà kan, ó fa ìwé pélébé jáde níbẹ̀, ó sì nà án sí mi.

"Kà á sókè."

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún, ma."

"Òmíràn."

"Ọjọ́ kọkàndínlógún. Èyí, ọjọ́ kọkànlélógún."

"Òní ńkọ́?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá, ma." Mo wo ojú rẹ̀ bóyá mo gba ìdáhùn. Ó kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú báàgì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Òun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọ́fíìsì owó orí àti ìrànwọ́, èmi ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé e kiri, ẹnu ò sì tíì yé yà mí. Bí abẹ́rẹ́ bá já sínú òkun, tí ẹja gbé e mì, tí ẹja mìíràn gbé ẹja yẹn mì, màmá yìí á lọ bá ẹja kejì, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé inú ò máa ń gún yín láti àná?" Ìdí tá a fi ń pè é ní Fínnífínní nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ti pè wá. Òun ni olórí ọ́fíìsì. Kò sí ohun tí kì í lù ní òǹtẹ̀. Bí o bá jókòó jẹ́jẹ́ jù níwájú rẹ̀, á lù ọ́ níwájú orí. Ó na ìwé kan tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde sí màmá.

"Ẹ bá mi wo èyí, ma. Opó ni obìnrin yìí, kọ́tìnì ló ń rán. Ọkọ rẹ̀ ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní èbúté kí ẹrù tó já lù ú pa, ọdún kẹtàlá rèé. Láti ìgbà náà la ti ń fún un lówó opó àti káàdì ìwòsàn ọ̀fẹ́. Àfi bí oníbàtà kan, tí òun àti obìnrin náà jọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ṣe wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù owó orí pé ìyàwó òun ni. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ni wọ́n ṣègbéyàwó. Oṣù kẹwàá la wà yìí. Oṣù méje gbáko lobìnrin yìí ti fi ń jẹ owó opó pẹ̀lú ọkọ lọ́ọ̀dẹ̀!"

"Òfin wá sọ pé kí ni?"

"Opó tó bá lọ́kọ kì í ṣe opó mọ́. Káàdì á kú. Kódà, ká ní wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó, bí wọ́n bá ti jọ ń wọlé jọ ń jáde nínú yàrá kan bíi tọkọtaya, káàdì á kú náà ni. Kọ̀ǹpútà á pa á fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní."

"Kí ló ń fi káàdì náà ṣe?"

Ọ̀gá Òǹtẹ̀ wúkọ́. "Kíndìnrín ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsíbítù. Ọ̀la ló tún kàn án." Ó wo tábìlì. "Èmi kọ́ ni mo ṣòfin, ma."

Èmi tí mo ń rẹ́rìn-ín nílé òkú, ẹnu mi pa dé. Mo mọ iye tí wọ́n ń gbà láti fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá ta mọ́tò ọ́fíìsì, tí mo ta ara mi lé e, tí wọ́n sì rà mí ní owó gidi, kò ní í mú obìnrin náà ju oṣù kan lọ.

"Fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ kọ gan-an dà?" Màmá béèrè.

"Ó wà ní yàrá ìkówèésí, ma. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà."

"Kí kọ̀ǹpútà má bínú. Ìwé ni mo fẹ́."

Èmi ni mo lọ wá a. Eruku tó wà níbẹ̀ pọ̀ tó láti fi mọ ilé alájà mẹ́ta. Nígbà tí mo rí i, òórùn gọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ kí mi. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni bàbá náà fi kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé ṣé o ní aya, ó kọ BẸ́Ẹ̀ NI. Ó kọ orúkọ obìnrin náà. Níbi ọjọ́ ìgbéyàwó, ó kọ 12/3. Màmá Fínnífínní wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí i po, ó yí i padà, ó wá ká a sínú báàgì rẹ̀ bí ẹni ká aṣọ òkè.

Ohun tó gbé wa dé iwájú bàtà mẹ́rìnlélógún nìyẹn.

*

Ìyá Oníkọ́tìnì ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó so báńdéèjì mọ́ apá òsì, ojú rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

"Ẹ káàsán, ma. Ọ́fíìsì owó orí la ti wá," Màmá ní.

"Owó orí? Ṣé orí mi tó kù yìí náà lẹ fẹ́ gbé lọ? Ẹ wọlé, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àga kan ṣoṣo ni mo ní."

Òótọ́ ni. Àga onírin kúkúrú kan ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ife kan, abọ́ kan, ṣíbí kan, ìrọ̀rí kan. Ìyókù, kọ́tìnì ni, láti ilẹ̀ dé òrùlé, àfi bíi pé ọba mẹ́wàá fẹ́ bo fèrèsé wọn lọ́jọ́ kan.

"Ṣé ẹ lọ́kọ, ma?"

"Mo ní in rí. Ó wà ní itẹ́ òkú. Ẹ lọ bi í bóyá ó ti kọ̀ mí."

"Bàbá tó wà ní yàrá òdìkejì ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Aládùúgbò mi ni."

"Ṣé ó ti wọ inú yàrá yìí rí?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ̀yin ti wọ tiwọn?"

"Rárá."

"Ọdún mélòó lẹ ti jọ ń gbé?"

"Ó ń lọ sí mẹ́sàn-án."

Èmi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàtà mẹ́rìnlélógún ẹnu ọ̀nà yẹn ńkọ́, màmá?"

Ó yíjú sí mi. "Apá ọ̀dọ̀ mi ni oòrùn àárọ̀ máa ń ràn sí, dẹ́rẹ́bà. Gọ́ọ̀mù bàtà ò sì ń gbẹ nínú òkùnkùn. Àbí oòrùn náà ti di ọkọ mi?"

Báyìí ni ọkọ méjìlá ṣe kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá Fínnífínní rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ma, bàbá yẹn kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù owó orí pé ìyàwó òun ni yín."

"Ó kọ kí ni?"

"Pé ìyàwó òun ni yín."

Ìyá Oníkọ́tìnì jókòó. Mo ti rí ẹni tí inú bí, mo ti rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n mi ò rí irú èyí rí: ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n gbá létí, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn lé lọ́wọ́ kí etí tó dákẹ́.

"Sínú fọ́ọ̀mù ìjọba?" ó ní. "Ó kọ ọjọ́?"

"Ó kọ ọ́, ma. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta."

Ó kọjú sí fèrèsé. Ìka rẹ̀ ń ka nǹkan lórí aṣọ. Lẹ́yìn náà ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ lọ bi í léèrè."

Nígbà tá a jáde, Màmá fà mí létí. "Kí lo gbọ́?"

"Ó ní òun ò lọ́kọ, ma."

"Ó béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ìyàwó wo ló ń bi àlejò pé ọjọ́ wo ni mo lọ́kọ?"

*

Bàbá Oníbàtà ò tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí wa. Ìṣó wà ní ẹnu rẹ̀ bí eyín kejì, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, bó bá sín, àwọn ilé tó wà nítòsí á dúpẹ́ pé òrùlé wọn ṣì wà.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?" Màmá fi fọ́ọ̀mù hàn án.

Ó tu ìṣó sọ́wọ́. "Èmi ni."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Mi ò kọ irọ́ sínú ìwé rí."

"A jẹ́ pé ẹ ti gbéyàwó."

Ó tún gbé bàtà kan sórí irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, àfi bíi pé a ti lọ.

"Bàbá, ta ló bá yín kọ ọ́?"

Kòó, kòó, kòó.

"Ṣé ìyá yẹn mọ̀ pé ẹ kọ ọ́?"

Kòó, kòó.

"Bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, káàdì ìwòsàn obìnrin yẹn máa kú ní aago mẹ́rin òní. Wọn ò ní fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́la."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já lu ilẹ̀ débi pé gbogbo bàtà inú yàrá fò sókè. "Káàdì ta ni? Fọ́ọ̀mù tèmi ni mo kọ! Owó orí tèmi! Kí ló kan káàdì wọn níbẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà kan náà ló ń jẹ méjèèjì, bàbá."

Ó dìde. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí wa, ó kó wọn pọ̀ bí ẹni tó ń retí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ẹ mú mi lọ. Ẹ sọ pé mo ya wèrè. Ẹ tì mí mọ́lé títí, kí wọ́n má ṣáà fọwọ́ kan káàdì yẹn."

"Ṣé irọ́ lẹ kọ nígbà náà?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ọkùnrin gàgàrà yẹn. "Kì í ṣe irọ́. Àlàyé wà níbẹ̀, ma. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

*

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn la ti pàdé Ìyá Redíò. Mi ò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. A ò tíì kí i tó fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn.

"Tọkọtaya ni wọ́n! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Yàrá obìnrin yẹn ló wà lórí tèmi gẹ́lẹ́, kò sóhun tí mi ò gbọ́. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ẹ̀rín, ọ̀rọ̀, ẹ̀rín. Bí wọ́n bá jẹun tán, ẹ̀rín. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀rín. Àwọn àgbà méjì! Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n!"

Mo ṣẹ́jú sí Màmá pé ó ti tán. Màmá ò wò mí.

"Ìyá wa, níbo gan-an ni ẹ̀rín náà ti ń wá?"

"Lókè ni mo sọ yẹn."

"Inú yàrá ni, àbí ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

Ìyá Redíò pa ojú dé kó lè gbọ́ ẹ̀rín náà dáadáa nínú orí rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́... ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni."

"Bí wọ́n bá ń rìn lórí yín ńkọ́, ẹsẹ̀ èèyàn mélòó lẹ ń gbọ́?"

"Ẹsẹ̀ èèyàn kan."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí." Ojú rẹ̀ là. "Ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kejì rí. Rárá o."

Màmá ti yí padà, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Nígbà tí mo bá a, ó ti kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sún bàtà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní méjì-méjì.

"Wá wo ilẹ̀."

Mo wò ó. Sìmẹ́ńtì ni. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn Ìyá Oníkọ́tìnì, ihò kéékèèké mẹ́rin wà níbẹ̀, bí ibi tí wọ́n fi ìka tẹ̀ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn Bàbá Oníbàtà, ihò mẹ́rin mìíràn. Ihò dojú kọ ihò.

"Ẹsẹ̀ àga," mo ní, ohùn mi sì ti di ti ọmọ ọwọ́.

"Ẹsẹ̀ àga onírin. Lójoojúmọ́ ni kálukú ń gbé àga tirẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, kì í sì í kọjá ibẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé òfin ní kí wọ́n má jọ wọ yàrá kan. Wọn ò wọ̀ ọ́."

Mo ṣí fìlà mi. Mo ti rí òkè, mo ti rí òkun, mo ti rí ọkọ̀ òfurufú tó gbé èèyàn ojilélẹ́gbẹ̀ta, kò sí èyí tó dá mi dúró bí ihò mẹ́jọ yẹn. Kí ni èèyàn lè máa bá èèyàn sọ lójoojúmọ́ tí àga á fi gbẹ́ sìmẹ́ńtì? Òjò ọgọ́rùn-ún ọdún ò ṣe irú rẹ̀ sí àpáta. Ìyàwó mi àti èmi, bá a bá jókòó ju wákàtí kan lọ, ọ̀kan nínú wa á rántí pé òun ń lọ síbì kan.

*

Nínú mọ́tò, níwájú ilé náà, Màmá ṣí fáìlì obìnrin náà tó gbà ní ọ́fíìsì sórí itan. Aago mẹ́ta ti kọjá ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìwọ dẹ́rẹ́bà, o gbéyàwó. Kí ni ìgbéyàwó ṣe fún owó orí rẹ?"

"Ó dín in kù díẹ̀, ma. Ìyàwó mi wá gba èyí tó ṣẹ́ kù."

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ó dín kù torí pé ìwọ ń pawó jù ú lọ. Wọ́n so yín pọ̀, wọ́n fi tirẹ̀ tó kéré fa tìrẹ wálẹ̀. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì ń pawó ńlá ni, nígbà mìíràn ṣe ni síso yín pọ̀ á mú un ga sí i. Ọwọ́ kan nìyẹn. Ọwọ́ kejì ni ìrànwọ́. Owó opó, káàdì opó, torí pé èèyàn dá wà ni wọ́n ṣe fún un. Lọ́jọ́ tó bá lọ́kọ, wọ́n á ní kó kó o sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń fún tọkọtaya, ọwọ́ òsì ń gbà á."

"Oníbàtà wá fẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, ó gbàgbé ti òsì. Ojúkòkòrò ni, ma."

"Ẹ̀dínwó tó máa rí lọ́dún kan ò tó ra bàtà ìlàjì ẹsẹ̀. Ohun tí obìnrin yẹn máa pàdánù ni ẹ̀mí. Ṣé ọkùnrin tó fi àga gbẹ́ sìmẹ́ńtì ló máa fi ẹ̀mí yẹn ra bàtà?"

"Kò lè ṣe é, ma."

"Ẹni tó bá sì ń jalè, ṣé ó máa ń kọ̀wé sí ọlọ́pàá, kó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí i? Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Nǹkan kan wà tó mọ̀, tó fi dá a lójú pé ìgbéyàwó yìí ò lè pa obìnrin náà lára. Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

Ó ṣí ojú ìwé kan nínú fáìlì. Ó fi ìka lé e. Lójijì ló pariwo bí ẹni tí kòkòrò ta.

"Sáré! Lọ kó àwọn méjèèjì wá. Gbé wọn wálẹ̀ bí wọn ò bá lè sáré!"

Mo gun àtẹ̀gùn yẹn bíi pé iná wà ní ìdí mi. A kó wọn sẹ́yìn mọ́tò. Bàbá lẹ̀ mọ́ fèrèsé òsì, ìyá lẹ̀ mọ́ fèrèsé ọ̀tún, àyè tó wà láàárín wọn gba màlúù méjì. Mo wa mọ́tò náà débi pé táyà mẹ́rin jọ fẹ́ bẹ̀ mí.

*

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù nígbà tá a wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ti tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sínú yíǹkì.

"Ọdún wo ni bàbá yìí kọ?" Màmá béèrè láìjókòó.

"Ọdún yìí, ma. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà."

Màmá tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. "Ẹ fi ìka hàn mí."

Ọ̀gá wò ó. Ó wọ gíláàsì, ó bọ́ gíláàsì. "Méjìlá, oṣù kẹta... Kò kọ ọdún."

"Ta ló kọ ọdún yìí sínú kọ̀ǹpútà?"

Ọ̀gá bi akọ̀wé tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé ní bí wọn ò bá fi ọdún sí i, ẹ̀rọ náà ò ní gbà kí wọ́n kọjá. Òun ṣáà fi ọdún yìí sí i. Kí lòun ì bá ti ṣe?

"Ó dáa," Ọ̀gá ní, "ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun gbéyàwó ní oṣù kẹta, oṣù kẹta tó kọjá ló ń sọ. Ta ló ń kọ ọjọ́ ìgbéyàwó tí ò tíì ṣẹlẹ̀?"

"Oníbàtà." Màmá gbé ìwé pélébé mẹ́ta jáde. "Bàbá, bí mo bá gbé bàtà wá fún yín lónìí, ọjọ́ wo lẹ máa kọ sínú rẹ̀?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá gbé e," Bàbá Oníbàtà ní. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ọdún mélòó lẹ ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ogójì."

"Ẹ máa ń kọ ọdún sí i?"

"Bàtà wo ló máa sùn lọ́dọ̀ mi dọdún kejì, ma?"

"Ọ̀gá, ẹ ka ohun tó wà lókè fọ́ọ̀mù yín."

Ọ̀gá kà á. "Fún owó orí ọdún tó ń bọ̀." Òǹtẹ̀ dúró lókè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bi í nípa ọdún tó ń bọ̀, ó sì dá yín lóhùn. Ní ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, yóò gbéyàwó. Ọ̀gá, ẹ wo fáìlì. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí obìnrin yìí?"

Ọ̀gá wò ó, ó sì kà á jáde bí ẹni tó ń la àlá. "Ọjọ́ kọkànlá... oṣù kẹta. Á pé ọgọ́ta lọ́dún tó ń bọ̀."

"Òfin opó, ìlà kẹsàn-án. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Opó tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kó tó tún lọ́kọ, owó rẹ̀ ò ní dúró, káàdì rẹ̀ ò ní kú."

Mo di ògiri mú. Ẹ̀yin èèyàn! Ìṣojú mi ni obìnrin yìí ṣe hú òkú ẹjọ́, tó mú un dìde, tó ní kó máa rìn.

"Báwo ló ṣe wá jẹ́ kejìlá?" Ọ̀gá ṣì béèrè. "Kí ló dé tí kì í ṣe kọkànlá gan-an?"

Bàbá Oníbàtà wo ilẹ̀. "Mo fi ọjọ́ kan kún un. Èmi kì í gbé bàtà jáde lọ́jọ́ tí mo lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ gbẹ."

Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá. "Ẹ mọ̀ nípa òfin ọgọ́ta yẹn?" Ìyá Oníkọ́tìnì ni. Bàbá náà ló dojú kọ, kò wo ẹlòmíràn.

"Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo wá bi wọ́n lórí káńtà ìsàlẹ̀ yẹn."

"Èmi náà wá bi wọ́n. Ọdún kẹjọ rèé." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì tún gbé e kúrò. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ ọ́ tí ẹ ní rárá ńkọ́? Ẹ ó gbé àga yín wọlé, ẹ ó sì tìlẹ̀kùn. Mo ní kí n ṣáà máa rí yín ná."

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ti ń fi ìwé owó orí ẹni ẹlẹ́ni nu ojú.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ fún bàbá náà ní bíírò, bàbá náà kọ ọdún sí i, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tóbi bí ilé. Ọ̀gá ní kí akọ̀wé tún un tẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ dúró ti kọ̀ǹpútà títí ó fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé káàdì ṣì wà láàyè, lẹ́yìn náà ló lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé débi pé àjà kejì gbọ́ ọ.

Ìyá Oníkọ́tìnì ò tíì mira. Ó bi Màmá Fínnífínní pé, "Òfin ọgọ́ta yẹn, ma. Ṣé ó dá yín lójú pé wọn ò ní sọ ọ́ di márùndínláàádọ́rin kó tó di oṣù kẹta?"

Mo yíjú sí Màmá pẹ̀lú ẹ̀rín, mo ń retí ìdáhùn. Ó pa fáìlì dé.

"Kò dá mi lójú, ma," ó ní. "Mi ò mọ̀."

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé e kiri, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Èmi ò kánjú," Bàbá Oníbàtà sọ ọ́ kíákíá. "Ẹ̀jẹ̀ yín ni kí wọ́n ṣáà máa fọ̀."

"Èmi ń kánjú ní tèmi," Ìyá Oníkọ́tìnì ní. Ó gba ìwé rẹ̀ lórí tábìlì, ó ká a, ó fi sínú báàgì, ó sì rọra fa báńdéèjì apá rẹ̀ tọ́. "Aago méje àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lápá ní ọsíbítù. Abẹ́rẹ́ náà gùn. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí, láti ọjọ́ kìíní, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Bàbá Oníbàtà gbé fìlà rẹ̀ dé.

"Aago mẹ́fà ni màá ti wà níbẹ̀," ó ní.